Ìrìn-àjò Jerúsálẹ́mù tí a bá wọn lọ láti Ìlọrin

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò náà léèrè: ọjọ́ mélòó la máa lò nínú ìlú àtijọ́, láàárín odi? Àwọn tó kó wa lọ ṣe dáadáa lórí físà, bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ ìdajì ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa níbẹ̀, ilé ìtajà àgbélébùú onígi ólífì ló jẹ ìyókù.

Ìlú yẹn kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ níbùú àti lóròó. Láti ibi ògiri táwọn Júù ti ń gbàdúrà dé Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Ìyẹn ni wọ́n ṣe rò pé a lè sá a parí. Àwọn ìyá tó bá wa lọ láti Òmù-Àrán ò lè sáré lórí àtẹ̀gùn òkúta tó ń yọ̀!

Afinimọ̀nà wa ni mo gbóríyìn fún jù. Ó ní ìdílé Mùsùlùmí kan ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Mùsùlùmí láti ìdílé mìíràn ló sì ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀, láti ìrandíran. Àwa ọmọ Ọ̀fà, tí ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì jọ ń jáde láti ilé ìdáná kan náà, inú wa dùn sí i. Bí ẹ bá wọlé báyìí, òkúta pẹlẹbẹ kan wà nílẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ ni wọ́n ti fi òróró tọ́jú òkú Jésù. Obìnrin kan da òróró sí i, ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún, ó ká a sínú báàgì. Èmi náà kúnlẹ̀, mo gbọ́wọ́ lé e. Ó tutù, ó ń ta sánsán. Àfi pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi: bọ́ọ̀sì ń dúró!

Èyí tó ká mi lára jù ni ti mọ́sáláṣí Al-Aqsa. Àǹtí mi Alhaja ti bẹ̀ mí pé kí n bá òun wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ làwọn Mùsùlùmí kọ́kọ́ ń kọjú sí kírun kí wọ́n tó yí sí Mẹ́kà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú wa lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wọ àgbàlá mọ́sáláṣí náà lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Ẹni tó ń gbowó ìrìn-àjò lọ́wọ́ èèyàn yẹ kó mọ ìyẹn. Orí Òkè Ólífì ni mo ti wo àgbàlá náà lókèèrè, pẹ̀lú òrùlé wúrà ilé tí wọ́n ń pè ní Dome of the Rock tó wà nínú rẹ̀.

Tí wọ́n bá lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún ìlú àtijọ́, kí Jímọ̀ àti Sátidé má sì sí nínú rẹ̀, màá sanwó fún màmá mi. Bí wọn ò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn.