Ilé Ìtẹ̀wé Tí Kò Ní Pátákó: Bí Mo Ṣe Tẹ Káàdì Ìgbéyàwó Àbúrò Mi ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ọdún tí a sin bàbá mi, ilé ìtẹ̀wé tí a gbé iṣẹ́ fún tẹ ìwé ètò ìsìnkú 300 fún wa, wọ́n sì kọ “Internment” gàdàgbà síbi tí ó yẹ kí “Interment” wà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa tí ó rí i títí a fi dé etí sàréè, níbi tí olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi, ti fi ìka tọ́ ọ, tí ó sì rọra bi mí pé ṣé ẹ̀wọ̀n ni a ń gbé ọ̀rẹ́ òun lọ. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ túmọ̀ sí fífi ènìyàn sí àhámọ́, irú èyí tí ìjọba máa ń ṣe fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè ọ̀tá nígbà ogun. Èyí tí a fẹ́ kọ, tí ó ti inú “terra”, ọ̀rọ̀ Látìnì fún ilẹ̀, jáde, ni ó túmọ̀ sí fífi òkú sí ilẹ̀. Lẹ́tà kan péré ni ó ya àwọn méjèèjì. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n bí mo ti ń rò ó ni mo ń rí i pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé a kì í sábà bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn pàdé níbòmíràn ju orí ìwé òkú lọ. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ó sì jẹ́ pé omijé wà lójú rẹ̀ nígbà tí ó ń rí i, báwo ni yóò ṣe mọ bí a ti ń kọ ọ́?

Ìdí nìyí tí mo fi wá ilé ìtẹ̀wé mìíràn nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin dé. Wọn kò gbé pátákó kankan kọ́, nítorí náà n kò ní orúkọ tí mo lè dá. Àgbàlá kan ni, lẹ́yìn títì Lágere, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kàn ń pè ní “ọ̀dọ̀ Bàbá”. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, kọ̀ǹpútà kan, jẹnẹrétọ̀ kan àti ìwé atúmọ̀ èdè kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já ni gbogbo ohun ìní wọn. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó ń tẹ̀wé, Bàbá ni ó ń ka ọ̀rọ̀, òfin rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: òun kì í tẹ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.

Orí káàdì ẹlòmíràn ni mo ti da ọ̀rọ̀ tèmi kọ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe. “Holy wedlock” wà níbẹ̀, “plight their troth” wà níbẹ̀, a sì pe gbogbo “kith and kin”. Bàbá fi bírò tẹ “wedlock” lórí, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni ‘lock’ tí ó wà nínú èyí?” Mo dáhùn pé, “Àgádágodo ni, sà. Ìgbéyàwó ti ti ọkọ àti aya mọ́ ara wọn.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé pé kò sí àgádágodo kankan níbẹ̀. “Wedlāc” ni ọ̀rọ̀ náà nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. “Wed” jẹ́ ẹ̀jẹ́, “lāc” sì jẹ́ àfòmọ́ ìparí tí ń sọ nípa ìṣe, tí kò sì ṣẹ́kù mọ́ sára ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn lónìí àfi èyí nìkan ṣoṣo. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú mi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bàbá ní kí n ronú ibi tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo ronú, mo sì rí i pé nínú ìwé ìròyìn ni, nípa ọmọ tí a bí láìṣe ìgbéyàwó, nítorí pé “out of wedlock” ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà fìdí kalẹ̀ sí jù lọ nísinsìnyí. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sí iwájú káàdì ọmọ ìyá mi? A fi “matrimony” rọ́pò rẹ̀, ẹni tí òun náà kì í fẹ́ jáde láìmú “holy” dání.

“Troth” gba àkókò díẹ̀ sí i. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti “truth”, “plight” tí ó wà níwájú rẹ̀ kò sì túmọ̀ sí ìṣòro tàbí ìpọ́njú níbí, ó túmọ̀ sí fífi nǹkan ṣe ẹ̀rí ìlérí. Inú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1549 ni gbólóhùn náà ti di mímọ̀, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti kọ “till death us depart”. Nígbà tí ó di 1662, wọ́n yí i padà sí “do part”, nítorí pé “depart” tí ó ti ń túmọ̀ sí pípínyà tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ lílọ. Ní ti “kith”, àwọn ojúlùmọ̀ ni ó dúró fún. Bàbá bi mí bóyá mo ti gbọ́ “báláú” rí níbi tí “funfun” kò sí, tàbí “fòò” níbi tí “pupa” kò sí. Ó ní bí “kith” ṣe rọ̀ mọ́ “kin” nìyẹn. Ó wá fi kún un pé bí a bá kọ ọ́, a ti pe ará, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ nìyẹn, kí a yáa lọ fi ìrẹsì kún ìrẹsì.

Àárín ìjíròrò yìí ni ọkùnrin kan gbé ìwé òkú bàbá rẹ̀ wọlé, tí a fi Yorùbá kọ, tí ó sọ pé bàbá náà “wàjà”. Bàbá bi í pé ìlú wo ni bàbá rẹ̀ jọba. Kò jọba, káfíńtà ni. Nílùú tí a ti mọ̀ pé Ọọ̀ni Adérẹ̀mí wàjà ní 1980, tí Ọọ̀ni Ṣíjúwadé náà wàjà ní 2015, ènìyàn kì í yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lò. Wọ́n yí i sí “papòdà”, èyí tí òun pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mìíràn ju ìkéde òkú lọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àìsàn ọ̀rọ̀ tí a kì í bá pàdé ju ibì kan ṣoṣo lọ yìí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Ṣùgbọ́n n kò gba ohun gbogbo tí Bàbá sọ. Ó fẹ́ kí a yọ ẹsẹ Bíbélì tí ó parí sí “let not man put asunder”, ìyẹn ni pé kí ènìyàn má ṣe yà wọ́n, ó ní “asunder” ti gbó jù. Mo kọ̀. Bí ó ti wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 ni ìyá wa ti há a sórí, kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ẹtù tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí: a kì í wọ̀ ọ́ lọ sóko, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ pé kí a dà á nù nítorí ìyẹn. Ohun tí ẹtù ń fẹ́ ni kí a tú u wò kí ọjọ́ òde tó pé, bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yẹn gan-an ni mo ń sanwó fún ní ọ̀dọ̀ Bàbá, kì í ṣe pé kí ó máa yan aṣọ fún mi. Ó gbà nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ìkùnsínú díẹ̀.

Ìwé káàdì náà nípọn, wúrà ojú rẹ̀ kò sì ṣí nígbà tí mo fi èékánná họ ọ́. Owó wọn ga ju ti àwọn tí mo kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, n kò sì bínú sí i. Ohun tí ó bí mi nínú ni ọjọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ kọkànlá ni mo gba káàdì, lẹ́yìn tí iná mànàmáná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ti kọ̀ láti dáhùn. Bàbá kì í ka ọ̀rọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í pe ènìyàn láti sọ pé iṣẹ́ ti pẹ́. Ènìyàn ni yóò máa lọ wò ó. Èmi tí mò ń ti Mọ̀dákẹ́kẹ́ lọ síbẹ̀ wọ ọ̀kadà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó rí káàdì gbà.

Ẹni tí òde rẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí ó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tí ó bá ní oṣù kan, kí ó dé ibẹ̀ lẹ́yìn agogo méjìlá ọ̀sán, nígbà tí Bàbá ti jẹun, kí ó mú ìwé tí ó fi ọwọ́ kọ dání, kí ó má sì rán ọmọdé, nítorí pé ẹni tí ó bá gbé ọ̀rọ̀ wá ni Bàbá yóò bi.