Àmì, póìntì àbí ipele: kí lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó ra ìwé òfin?

Àwọn tó ń bi mí nípa ìwé òfin eré ìtàn orí tábìlì (eré tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń ṣe ẹ̀dá ìtàn kan, tí adarí ń darí ìtàn, tí dáìsì sì ń sọ ohun tó bọ́ sí i), láti Kàbà títí dé Ìsánlú, àwòrán inú ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà idán, lẹ́yìn náà ohun ìjà. Ibì kan ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ìwé náà sí: ibi tó ti sọ bí ìmọ̀ ẹ̀dá ìtàn ṣe ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa gbé yẹ̀ wò: ipele, àmì àti póìntì. Ohun tí òfin bá fi èrè sí ni àwọn tó jókòó yí tábìlì ká máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, adarí eré ì báà fẹ́, ì báà kọ̀. Tábìlì kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin abẹ́lé tirẹ̀, ìyẹn àtúnṣe tí àwọn tó ń ṣeré fúnra wọn ṣe sí òfin ìwé. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ ra máa gba àtúnṣe.

Ipele

D&D, ìyẹn Dungeons & Dragons, ni gbogbo ayé mọ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Nínú àtẹ̀jáde ọdún 2014, àfikún tí wọ́n ń fi kún dáìsì lórí ìmọ̀ tí ẹ̀dá ìtàn yàn bẹ̀rẹ̀ láti +2, ó di +3 ní ipele 5, ó sì dé +6 ní ipele 17. Gbogbo wọn ló jọ ń gòkè, ẹ lò ó o, ẹ ò lò ó o. Ìtàn tiwa dá lórí ìgbà tí àwọn ajagun Núpé ń ya wọ àwọn ìlú Òkun (àwọn Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí) ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn èèyàn ń sá gun orí àpáta. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ lójoojúmọ́ á rí i pé ìmọ̀ ìwòsàn tó yàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí kò fọwọ́ kàn mọ́, ti bá ìmọ̀ ipasẹ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò le, àríyànjiyàn kò sí níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí kì í sì í sọnù sínú rẹ̀.

Àmì

RuneQuest ti ọdún 1978 ni ọ̀nà yìí ti gbòde. Call of Cthulhu, eré ìtàn ẹ̀rù tó ti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ Chaosium kan náà jáde, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá lo ìmọ̀ kan tó sì bọ́ sí i, ẹ fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìtàn bá dé ibi ìsinmi, ẹ da dáìsì tó ń ka 1 dé 100. Bí ohun tó jáde bá ju iye tẹ́ ẹ ní nínú ìmọ̀ náà (nínú 100) lọ, ìmọ̀ yẹn pọ̀ sí i. Nínú àtẹ̀jáde keje Call of Cthulhu, dáìsì olójú mẹ́wàá ló ń sọ iye tẹ́ ẹ máa fi kún un. Ẹni tó ní 20 ní àǹfààní 80 nínú 100 láti gòkè. Ẹni tó ti dé 80, àǹfààní 20 ló kù fún un. Lórí ìwé, ó bá bí èèyàn ṣe ń kọ́ nǹkan mu gan-an, ìdí tí mo fi mú un lò nìyẹn.

Lórí tábìlì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àmì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbà kó tó di àkókò dáìsì yẹn. Tafàtafà tó bá ti ta ọfà kan tó bà, ọfà kejì kò mú nǹkan kan wá fún un mọ́. Ó gbé ọrun sílẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ bà, ó tún mú kùmọ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ òkúta kan kí n tó padà sídìí ọrun.” Ìwà ọmọ náà kò burú rárá, òfin ló ń sanwó fún un pé kó pa iṣẹ́ tó mọ̀ jù tì. Àwọn tó ṣe RuneQuest láyé àtijọ́ mọ àṣà pípààrọ̀ ohun ìjà yìí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn ẹgbẹ́ wa ń dúró tẹ́tí sí gbogbo igbó tí a bá kọjá, nítorí àmì ìgbọ́ràn. Ahunṣọ wa, tí a fẹ́ kó fi aṣọ pupa àwọn ará Bùnú ṣí ọ̀nà fún wa láàfin, ti gba àmì òfì tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló bá ń wá igi tó máa gùn. Ìjà tó yẹ kó parí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń jẹ gbogbo alẹ́. Epo jẹnẹrétọ̀ ń jó, owó rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, àwọn tó ti Mọ̀pà wá ń wo aago nítorí ọkọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn èèyàn dẹ́kun wíwá, a kò sì dé ìparí ìtàn náà.

Òfin abẹ́lé wà tó ń dín ìṣòro yìí kù. Àwọn kan ń sọ pé àmì mẹ́ta péré lẹnì kan lè tọ́jú ní ìjókòó kan. Àwọn kan ní kò sí àmì àfi níbi tí ewu bá wà. Méjèèjì dára, àmọ́ ìdajì ìwà yẹn ṣì máa ń kù. Èyí tó lágbára jù ni kẹ́ ẹ gbé àmì náà kúrò lórí àṣeyọrí, kẹ́ ẹ fi sórí ìkùnà. Dungeon World ti ọdún 2012 fi èrè síbẹ̀: ẹni tí dáìsì rẹ̀ bá jẹ́ 6 tàbí kó kéré sí i ló ń gba àmì ìrírí. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ òfì ní Ògìdì, òwú tó já mọ́ ọn lọ́wọ́ ló ń kọ́ ọ ju aṣọ tó jáde dáadáa lọ. Wo ìṣirò rẹ̀ náà: ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 nínú 100, bó bá jẹ́ àṣeyọrí ló ń fún un ní àmì, ó lè gbìyànjú nígbà ogún kó tó rí ẹyọ kan. Ìyẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di ọdẹ àmì. Bó bá jẹ́ ìkùnà ló ń fún un, kíá ló máa gòkè, bó bá sì ti di ọ̀gá, ìkùnà á ṣọ̀wọ́n, ìlọsíwájú rẹ̀ á rọra lọ fúnra rẹ̀ láìsí dáìsì kejì. Ìkùnà máa ń ná èèyàn ní nǹkan, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè máa wá a kiri lásán. Ṣùgbọ́n adarí tó bá ń jẹ́ kí ìkùnà kọjá láìsí ìpalára, òfin yìí kò ní bá a ṣiṣẹ́.

Póìntì

GURPS, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1986, ni mo ní nílé báyìí, àtẹ̀jáde kẹrin rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Steve Jackson ní Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Steve Jackson mìíràn, ará Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó dá Games Workshop sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Adarí ń fún yín ní póìntì lẹ́yìn ìjókòó, ẹ̀yin lẹ sì máa ná an. Ìmọ̀ tí kò le jù, tí kò sì rọrùn jù: póìntì 1 á gbé e sí ìsàlẹ̀ agbára àbínibí yín pẹ̀lú ẹyọ kan, póìntì 2 á mú un bá agbára náà dọ́gba, póìntì 4 á fi ẹyọ kan kọjá rẹ̀, láti ibẹ̀ lọ, 4 ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń dà, àpapọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju iye ìmọ̀ yín lọ, ẹyọ kan ṣoṣo sì lágbára láàárín: ẹni tó ní 10 ní àǹfààní 50 nínú 100, ẹni tó ní 11 ti ní 62.5.

Òfin abẹ́lé wa rọrùn: ẹ ò lè ná póìntì àfi lórí ohun tẹ́ ẹ lò nínú ìtàn, tàbí ohun tí ẹnì kan nínú ìtàn kọ́ yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sétí gbogbo tábìlì. Láti ìgbà náà, tafàtafà wa kò sọ ọrun sílẹ̀ mọ́.

Nǹkan mìíràn wà tó mú mi dúró tì í. Àwọn èèyàn wa kì í gbé ojú kan. Ẹnì kan wà ní Lọ́kọ́ja, ẹlòmíràn wà ní Àbújá, ọdún Àjíǹde àti Kérésìmesì ló ń kó wọn bọ̀ wálé. Lábẹ́ àmì, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò rí nǹkan kan. GURPS ní ìdáhùn: wákàtí 200 tí ẹ̀dá ìtàn bá fi kẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ póìntì 1. Ẹ bá olùkọ́ jókòó fún wákàtí 8 lóòjọ́, ọjọ́ 25 ti fún yín ní ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ ẹnu iṣẹ́ lẹ ti ń kọ́ ọ, wákàtí 4 ni wọ́n ń kà sí 1. Nítorí náà, oníṣègùn tí ẹni tó ń ṣe é lọ sí Àbújá ti wà lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó padà dé, ó ní nǹkan lọ́wọ́, ó sì tún ní ìròyìn tó máa sọ.

Àléébù rẹ̀: ìwé náà wúwo, òfin rẹ̀ pọ̀, àwọn kan sì máa ń kó póìntì jọ láìná an.

Ta ló yẹ kó ra èwo

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Kàbà tẹ́ ẹ ní sáà kan péré, D&D ló máa yá yín jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ìtàn ẹ̀rù tó máa parí láàárín ìjókòó mélòó kan, ẹ mú Call of Cthulhu: àmì kò tíì ráyè bàjẹ́ nínú ìtàn kúkúrú. Bó bá máa pẹ́, ẹ tètè gbé àmì náà sórí ìkùnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí ìtàn kan náà máa lọ láti ọdún dé ọdún, pẹ̀lú àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀, póìntì ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ má tíì náwó ńlá. Wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ òfin D&D sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ Call of Cthulhu náà jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ Chaosium. Ojú ewé 32 ni GURPS Lite, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ibi èyíkéyìí tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì lè tẹ̀ ẹ́ fún yín. Òfin wákàtí 200 kò dá lórí ìwé ńlá. Ẹ lè mú un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ewé 32 yẹn.