Ìrọ̀lẹ́ Atamátàsé ní Ilé Ìwòran Kan l'Ájàṣẹ́

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù pọ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Bẹ̀nẹ̀) débi pé kò yẹ kí ènìyàn jókòó kọ̀wé nípa ọ̀kan nínú wọn, àfi bí ibẹ̀ bá ń ṣe ohun tí àwọn yòókù kì í ṣe. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Ouando. Kò ní pátákó orúkọ lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún oní-zémidjan, ọlọ́kadà ibẹ̀, pé ọ̀dọ̀ Kóòṣì lẹ ń lọ, yóò gbé yín débẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdíje ńlá bá wà, kò sí ìyàtọ̀ láàrin ibẹ̀ àti ibòmíràn: wọn á gbowó, wọn á tan àwòrán sára ògiri, ariwo á sì gba àdúgbò. Alẹ́ Ọjọ́ Ajé ni tiwọn yàtọ̀, nítorí pé alẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń mú atamátàsé kan ṣoṣo, tí wọn á fi fídíò àwọn eré àtijọ́ tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, tí Kóòṣì, bàbá kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tó sì ti kọ́ ọmọ púpọ̀, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ láti ṣàlàyé ohun tí ojú wa ń rí. 200 sẹ́fà ni owó ìwọlé. Wọn á yí ohùn Faransé inú fídíò wálẹ̀ pátápátá, Yorùbá Àjàṣẹ́ ni Kóòṣì yóò sì máa sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gun máa ń já wọ̀ ọ́ nígbà tí inú bá bí i sí adẹ́yìnmú kan.

Alẹ́ tí wọ́n fi ṣe ti Rashidi Yekini, atamátàsé Nàìjíríà, ni mo fi mọ̀ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe eré lásán. Góòlù tó jẹ sáwọ̀n Bulgaria ní Dallas, ní ọjọ́ 21 oṣù Òkúdù 1994, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Òun ni góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, gbogbo wa ló sì mọ bí ọkùnrin náà ṣe ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń ké. Kóòṣì kò jẹ́ kí a dé ibẹ̀. Ó dá fídíò dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lẹ́sẹ̀ Finidi George ní apá ọ̀tún, ó ní: “Ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù. Níbo ni Rashidi wà?” Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níwájú kò lè dáhùn, nítorí pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó sì ń sún fídíò náà síwájú díẹ̀díẹ̀, títí a fi rí i pé ọkùnrin náà ti ń sáré lọ síwájú ilé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ẹni tí yóò fi ránṣẹ́ sí i, àti pé nígbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ku ohun kan ju kí ó tì í wọlé. Góòlù tí ọmọdé lè jẹ ni, bí ọmọdé bá lè débẹ̀ lásìkò.

Ó tún fara balẹ̀ lórí ọ̀nà tí Yekini gbà kí ó tó dé Yúróòpù: ẹgbẹ́ UNTL ní Kaduna, Shooting Stars ní Ìbàdàn, Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn náà Africa Sports ní Abidjan láti 1987. Ọdún 1990 ló tó wọ Vitória de Setúbal ní Potogí, ó sì ti pé ọmọ ọdún 26 nígbà náà. Kóòṣì tún ọjọ́ orí yẹn sọ, ó sì wo ojú àwọn ọmọkùnrin tó ń rò pé ẹni tí kò bá rí ẹgbẹ́ òkè òkun kó tó pé ogún ọdún ti pàdánù. Láti Setúbal yìí ni wọ́n ti fún un ní oyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà fún 1993, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní sáà 1993 sí 1994, góòlù 21 ló jẹ ní ìpele kìíní Potogí, kò sì sí ẹni tó jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ láti rò. Láti Dallas, fídíò náà fò lọ sí òpin. Olympiacos, Gijón, Zürich àti Bizerte, àwọn ẹgbẹ́ tó gbá fún lẹ́yìn náà, gbolóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ká gbogbo wọn kúrò nílẹ̀. Wọn kò sọ pé nínú eré mẹ́rin tí Nàìjíríà gbá ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà, góòlù kan yẹn péré ni Yekini jẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ pé ó padà wálé gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger kí ó tó fẹ̀yìn tì. Mo bi onílé léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn kì í sanwó láti wá banú jẹ́. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ti ọjà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń ṣàlàyé iṣẹ́ atamátàsé kò lè yọ ọdún tí góòlù gbẹ kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni iṣẹ́ náà le jù.

Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n ṣe ohun tí mo ń bèèrè fún yìí ní alẹ́ Steve Mounié, atamátàsé Bẹ̀nẹ̀. Parakou ni wọ́n ti bí i ní 1994, Faransé ló sì ti dàgbà. Wọ́n fi góòlù méjì tó jẹ sáwọ̀n Crystal Palace hàn wá, ní eré àkọ́kọ́ tí Huddersfield gbá ní Premier League ní 2017, wọn kò sì pẹ́ lórí rẹ̀. Ife Ilẹ̀ Áfíríkà 2019 ni Kóòṣì lo àkókò fún. Bẹ̀nẹ̀ dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Íjíbítì pẹ̀lú góòlù mẹ́ta péré: Poté jẹ méjì sáwọ̀n Gánà, Adilehou jẹ ọ̀kan sáwọ̀n Mòrókò tí a fi pẹ́náritì borí. Mounié kò jẹ ẹyọ kan. Bàbá yìí wá fi hàn wá bí adẹ́yìnmú méjì ṣe ń rọ̀ mọ́ ọn nígbàkígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lókè, àti àyè tí ìyẹn ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí ló tó gbé wa lọ sí Abidjan, ọjọ́ 10 oṣù Òkúdù 2024, nígbà tí Mounié fi orí kan góòlù kejì sáwọ̀n Nàìjíríà kí ìdajì eré tó parí, tí Bẹ̀nẹ̀ sì borí pẹ̀lú 2 sí 1. Ìdajì ilé ló dìde. Ìdajì kejì, àwọn tí ẹbí wọn wà ní Nàìjíríà, lódìkejì ibodè Igolo, jókòó jẹ́ẹ́. Kóòṣì kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó tẹ fídíò sí eré Uyo ti oṣù Ọ̀wàrà 2025 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, níbi tí Victor Osimhen ti jẹ mẹ́ta nínú góòlù mẹ́rin tí Nàìjíríà fi nà wá. Àwọn tó dìde ló wá jókòó.

Ní ti ilé náà fúnra rẹ̀, bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ti wọ́, òpó kan sì dí ìgun òsì ògiri mọ́ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Fídíò tí ó ti pẹ́ máa ń ṣú, èyí kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ amúnáwá wà, kì í sì í pẹ́ kí ó tó dáhùn. Àkàrà obìnrin ẹnu ọ̀nà gbóná, ó sì dùn ju ti inú ọjà lọ. Wọ́n ti kéde pé Paul Onuachu ti Nàìjíríà ló kàn, ẹni tó jẹ góòlù kan ṣoṣo ọjọ́ náà sáwọ̀n wa ní àfikún àkókò ní pápá Charles-de-Gaulle níbí ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà 2021, nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Èkó. Ilé yóò kún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí náà ẹ dé kí aago méje tó lù bí ẹ kò bá fẹ́ fi òpó ṣe àwòrán.