Àgbéyẹ̀wò FibroScan fún àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́: ohun tó ń wọ̀n, ohun tí kò lè wọ̀n, àti ohun tó ń ba èsì rẹ̀ jẹ́

Ẹ̀yin tí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B tàbí C, ọtí tàbí ọ̀rá ti ń bá ẹ̀dọ̀ yín fà á láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo kọ èyí fún. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún FibroScan, ẹ̀rọ tó ń wọ̀n bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó. Ọ̀kan tí mo yọ, bí wọ́n ṣe ń lò ó àti bí a ṣe ń ka èsì rẹ̀ ló fà á ju ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ti fi ìka tẹ ẹ̀dọ̀ màlúù lórí àtẹ alápatà ní Sábó mọ̀ pé ó máa ń rọ̀: ìka á wọlé díẹ̀, ẹran á sì tún wú padà. Ẹ̀dọ̀ èèyàn tó bá ń gbọgbẹ́ léraléra á di àpá, á sì yi bíi pọ̀ǹmọ́ tí kò tíì jinná. Yíyi yẹn ni ẹ̀rọ yìí ń wọ̀n, láì sí abẹ́rẹ́, láì gé ẹran kankan jáde. Ilé iṣẹ́ Echosens ní Paris ló ṣe é, ó sì bọ́ sójà ní 2003. Orí rẹ̀ tí wọ́n ń gbé lé awọ á gbọ̀n ní 50 Hz, ìgbì kékeré kan á wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ, ultrasound (ìró tí etí kò lè gbọ́) á sì máa ṣọ́ bó ṣe ń sáré. Bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe le tó ni ìgbì náà ṣe ń yára tó. kPa (kilopascal), òṣùwọ̀n líle, ni wọ́n fi ń ka èsì rẹ̀, láti 1.5 dé 75. Ibi tó ń wò nínú ẹ̀dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, ó sì gùn tó mẹ́rin. Ó ju èyí tí abẹ́rẹ́ ń gé jáde lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn orí, ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ́ tòsì kí àlàfo egungun ìhà lè ṣí dáadáa. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí ìhà ọ̀tún, ní ọ̀gangan ibi tí egungun àyà parí sí. Orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán sí awọ. Bó bá dà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí tó gun egungun ìhà, ìgbì á ṣìnà. Ó máa ń ta èèyàn bí ìgbà tí wọ́n fi ìka ta á lára, kò sì dunni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó pé ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà, gbogbo rẹ̀ kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Oúnjẹ ló ń ba èsì jẹ́ jù. Wákàtí mẹ́ta ló yẹ kí ikùn ti ṣófo, torí pé bí oúnjẹ bá wọlé, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á wú nínú àpò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á bí ẹni pé àpá ni. Ẹ rò ó wò: ẹni tó wọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ọkọ̀ dúró ní Ọ̀yọ́, ó ra àkàrà gbígbóná pẹ̀lú ẹ̀kọ. Kò lè tíì pé wákàtí méjì tó bá fi délé ìwòsàn. Kó tètè jẹun nílé, kí wákàtí mẹ́ta lè pé kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, tàbí kó di àkàrà rẹ̀ mọ́wọ́ títí wọ́n á fi ṣe é tán. Omi díẹ̀ láti fi gbé oògùn mì kò ní nǹkan ṣe. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ní tirẹ̀, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òun síwájú. Kí ẹ tó wọkọ̀ pàápàá, ẹ pè wọ́n bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan mìíràn náà wà tó ń gbé nọ́ńbà sókè láìjẹ́ àpá: ẹ̀dọ̀ tó ń gbiná lọ́wọ́, tí ALT rẹ̀ (èròjà tí ẹ̀dọ̀ tó fara gbọgbẹ́ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀) ti ju ìlọ́po márùn-ún ibi tó yẹ kó wà lọ, ọ̀nà òróòro tó dí, ọkàn tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú dáadáa, ọtí tí èèyàn ń mu lọ́wọ́. Paraga wà nínú ọtí o, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní àgbo. Àwọn àgbo kan náà sì lè mú ẹ̀dọ̀ gbiná, nítorí náà ẹ sọ ohun tí ẹ ń mu fún ẹni tó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò náà. Bí omi bá ti kún inú ikùn, ìgbì kò ní lè dé ẹ̀dọ̀ rárá. Ẹni tó lóyún tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé èsì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ IQR/Med sí, èyí tó ń sọ bí àwọn ìwọ̀n náà ṣe jìnnà síra tó. Bó bá ju 30% lọ, tí kPa fúnra rẹ̀ sì ga, àwọn ìwọ̀n mẹ́wàá náà kò bára mu, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ tún wo orí ẹ̀rọ tí wọ́n lò. M wà fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, S fún ọmọdé, XL sì wà fún ẹni tó sanra, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jìnnà sí awọ ju mìlímítà 25 lọ. Bí wọ́n bá fi M wọn ẹni tó sanra, ọ̀rá abẹ́ awọ lè mú kí nọ́ńbà ga láìnídìí.

Fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, ìlànà WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ti 2024 sọ pé ohun tó bá ju 7 kPa lọ fi hàn pé àpá ti pọ̀ tó ohun tí à ń tọ́jú, ohun tó bá sì ju 12.5 lọ, ó ṣeé ṣe kó ti di sirosíìsì, ìyẹn kí àpá ti gba ẹ̀dọ̀ kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 20, tí platelet rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kó dì) sì ju 150 lọ, lè má tíì nílò ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbà ẹnu wọ ikùn wò láti wá iṣan tó wú. Ìyẹn nìkan ti dín owó àti ìnira kù.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn jù rèé: FibroScan kò sọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ lè le kọjá 15 kPa kó ṣì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí láàbù fún LFT (liver function test, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún iṣẹ́ ẹ̀dọ̀) náà sì ń ṣi èèyàn lọ́nà, torí AST àti ALT tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́ ló ń tú wọn sínú ẹ̀jẹ̀, ALT sì lè wà níbi tó yẹ nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti di àpá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ kó wo albumin tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, bilirubin tó yẹ kó máa kó dànù, àti INR tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tètè dá sí. Dókítà á fi omi inú ikùn àti bí ọpọlọ ṣe jí pépé sí kún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gba máàkì 1 sí 3, wọ́n á sì ro ó pọ̀: 5 sí 6 ni A, 7 sí 9 ni B, 10 sí 15 ni C. Child-Pugh ni wọ́n ń pè é. Albumin tó ju 35 g/L lọ gba 1, èyí tí kò tó 28 gba 3. Àmọ́ àìjẹunre-kánú àti kíndìnrín tó ń jò náà máa ń fa albumin wálẹ̀. INR ní tirẹ̀, inú ìgò onídèérí búlúù ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń wọ̀, ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án sí oògùn citrate kan. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ojú ìlà, oògùn á pọ̀ jù, INR á sì ga lórí irọ́. Ẹ wo ìgò náà kí ẹ tó dìde.

Ẹni tí owó ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ wọ́n lójú rẹ̀ ṣì ní APRI, ìṣirò tó ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ díwọ̀n àpá ẹ̀dọ̀, tí láàbù èyíkéyìí tó ń ṣe AST àti platelet tó fún. Ẹ fi òkè ibi tó yẹ kí AST mọ, bí láàbù ṣe kọ ọ́, pín AST yín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100, kí ẹ wá fi platelet pín in. Bí àpẹẹrẹ, AST 60, òkè 40, platelet 200: 60 ÷ 40 jẹ́ 1.5, ìlọ́po 100 rẹ̀ jẹ́ 150, 150 ÷ 200 jẹ́ 0.75. Nínú ìlànà WHO kan náà, ohun tó bá ju 0.5 lọ ti tó ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ rí. Bí láàbù bá kọ platelet ní 200,000, ẹ kọ́kọ́ yọ òdo mẹ́ta tó kẹ́yìn kúrò. Ẹ má sì ṣírò rẹ̀ lásìkò tí ibà ń ṣe yín, torí ibà ẹ̀fọn máa ń lé platelet wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ tí kò ṣe nǹkan á sì dà bí èyí tó ti bàjẹ́.

FibroScan kì í wá kókó inú ẹ̀dọ̀ o. Ultrasound oṣù mẹ́fà-mẹ́fà tí dókítà ní kí ẹ máa ṣe ṣì wà ní àyè tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì ń padà lọ wọ̀n ọ́n, ẹ mú ìwé èsì ti tẹ́lẹ̀ dání, kí wọ́n lè lo irú orí ẹ̀rọ tí wọ́n lò nígbà yẹn.