Ìràwọ̀ mẹ́ta fún àwọn tó ń bá mi kó ẹrù láti Houston

Houston ni kọ̀ǹténà ń gúnlẹ̀ sí, lọ́dọ̀ alágbàtà tí mò ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló máa to tèmi sórí pálẹ́ẹ̀tì, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń to ẹrù lé: gàrí Ìjẹ̀bú, èlùbọ́, epo pupa, ẹ̀gúsí, àti iṣu Ghana nígbà tí iṣu bá wà. Láti ibẹ̀ dé Indianapolis níbi tí ṣọ́ọ̀bù mi wà, nǹkan bí 1,000 máìlì ni. Ẹrù mi ò tó ohun tó ń kún tírélà, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń da ẹrù ọ̀pọ̀ oníbàárà pọ̀ sínú ọkọ̀ kan ni mò ń lò. Wọ́n á já a ní ibùdó kan, wọ́n á tún un kó sínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á tún já a níbòmíràn, títí á fi dé ìlú wa, kí ọkọ̀ kékeré tó ní irin tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn tó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mi nítòsí Lafayette Road.

Ilé-iṣẹ́ kan náà ni mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á bi mí pé kí ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹ ní sùúrù, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Ohun tó mú mi dúró tì wọ́n ni pé owó wọn rọjú, àwọn dírẹ́bà wọn sì mọ iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù mi há, òpó iná kan sì dúró síbi tí kò yẹ kó dúró rárá. Òyìnbó obìnrin kan ló máa ń gbé ẹrù mi wá. Á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, á wo ilẹ̀, á ti ohun tó bá wà lọ́nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà á fẹ̀yìn ọkọ̀ wọlé láì fara kan nǹkan kan. Mo ti rí ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn wá, tó fi èjìká ọkọ̀ gba òpó yẹn, tó tún wá ń bi mí pé ta ló gbé òpó síbẹ̀.

Láti bí ọdún méjì ni nǹkan ti ń yí padà. Ẹrù tí wọ́n ní ó ń bọ̀ lọ́la á di ọ̀tunla. Nọ́ńbà tí mo máa ń pè ní ibùdó wọn nílùú yìí ti di ohùn ẹ̀rọ, tó bá sì pàpà di èèyàn, ẹni náà á wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò ní mọ Lafayette Road yàtọ̀ sí Lafayette Square. Lẹ́yìn tí mo bá ti gba ẹrù tán, ìwé owó á tún dé: wọ́n ní àwọn tún ẹrù wọ̀n, ó sì wúwo ju ohun tí a kọ lọ. Mo ní òṣùwọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, alágbàtà mi náà ní tiẹ̀, àwa méjèèjì ń rí iye kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí wọ́n gba owó irin ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹrù kan ṣoṣo. Mo jà títí mo fi gba owó mi. Nígbà tí owó bá wọ́n nínú ọ́fíìsì, àpò oníbàárà ni wọ́n ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀.

Iṣu ló dùn mí jù. Nígbà òtútù, wọ́n gbé pálẹ́ẹ̀tì iṣu mi sí ibùdó kan ní Missouri láti ọjọ́ Jímọ̀, kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e jáde títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tó dé, èèpo ẹ̀ dán, ojú ẹ̀ mọ́. Mo gé ọ̀kan, inú ẹ̀ ti rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, omi ń kán sílẹ̀. Mo gé òmíràn, bákan náà. Ọ́fíìsì wọn ní ọjà tó lè bàjẹ́ ni iṣu, èmi ò sì sanwó kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òtútù. Òótọ́ ni, owó ọ̀tọ̀ ló wà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí kò bá sùn ní Missouri fún gbogbo ọjọ́ yẹn ò nílò ààbò kankan.

Epo pupa ló gbé mi dé ibùdó wọn fúnra mi. Wọ́n pè mí pé kẹ́ẹ̀gì kan ń jò, àwọn ò lè gbé e jáde. Mo wakọ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ìjáẹrù lọ lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ bóyá ni ìdajì wọn ní ọkọ̀ lẹ́nu. Fọ́ọ̀klífùtì méjì, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé pálẹ́ẹ̀tì, dúró ti ògiri, wọ́n ti tú taya ọ̀kan láti fi tọ́jú èyí tó ṣì ń rìn. Bọ̀dá kan ará Ìjẹ̀bú, tí irun ẹ̀ ti funfun dáadáa, kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pálẹ́ẹ̀tì mi. Kó tó kí mi, ó ní epo náà ò ní àbùlà, òun ti gbọ́ òórùn ẹ̀ láti òdìkejì.

Ẹnìkan ti to páálí irin lé ẹrù mi lórí lọ́nà, ìyẹn ló tẹ ìdérí kẹ́ẹ̀gì náà wọ́. Bọ̀dá ṣí i, ó ká ọ̀rá sábẹ́ ìdérí ní ìlọ́po méjì, ó lọ́ ọ padà, ó dojú kẹ́ẹ̀gì náà délẹ̀ díẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń jò. Kò jò mọ́. Ó yí àpò èlùbọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo, ó ti páálí gbígbẹ bọ àárín wọn, ó wá fi ọ̀rá tó ń lẹ̀ wé gbogbo ẹ̀ yípo yípo láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó fi máákà kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé kí ẹnikẹ́ni má to nǹkan lé e. Mo rí i pé rólù ọ̀rá náà tinú báàgì tiẹ̀ jáde. Ó ní wọ́n ti ń há a fún àwọn níbi iṣẹ́, òun fi owó òun ra ìyẹn.

Mo ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹ ń fi owó yín ra irinṣẹ́ fún wọn?"

"Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, bí epo yín bá dà sórí ẹrù ẹlòmíì, orúkọ ta ni wọ́n máa kọ sílẹ̀?"

Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bọ̀dá yìí ti ṣiṣẹ́ ní Yellow, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù ńlá kan, fún ohun tó lé ní ogún ọdún, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ti rí ọkọ̀ Yellow rí lójú títì, àwọ̀ ọsàn ni wọ́n fi kun orúkọ ẹ̀ (mi ò mọ ìdí tí òyìnbó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀). Oklahoma City ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1924. Ní 2003 ó ra Roadway, ní 2005 ó ra USF, akẹ́rù bíi tiẹ̀ ni àwọn méjèèjì, gbèsè sì wọlé tọ̀ ọ́. Ní 2009 àwọn òṣìṣẹ́ gbà kí wọ́n gé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lára owó wọn kí ilé-iṣẹ́ má bàa kú, wọ́n sì fi owó ìfẹ̀yìntì náà du ara wọn. Ní 2020 ìjọba yá a ní 700 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó di 2023, ilé-iṣẹ́ fẹ́ tún iṣẹ́ tò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Teamsters kọ̀, ilé-iṣẹ́ sì pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn ọ̀gá ní ẹgbẹ́ ló pa ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ́ ní àwọn ọ̀gá ni. Mi ò sí nínú ìpàdé wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ fi gbèsè ra Roadway kọ́ ló ń wa fọ́ọ̀klífùtì.

Ohun tó kù ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Ní oṣù Keje 2023, Yellow ò san owó tó lé ní 50 mílíọ̀nù dọ́là tó yẹ kó san fún ìlera àti ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́. Ẹgbẹ́ ní àwọn lè daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 24. Kó tó di ọjọ́ yẹn, wọ́n rí àyè ọgbọ̀n ọjọ́ gbà lórí owó náà, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ò wáyé. Àmọ́ àwọn oníbàárà ti gbọ́. Wọ́n ti kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje yẹn kan náà, iṣẹ́ parí fún nǹkan bí 30,000 èèyàn. Nígbà tó yá, wọ́n ta 130 nínú àwọn ibùdó wọn ní nǹkan bí 1.9 bílíọ̀nù dọ́là, ìjọba sì gba owó tó yá wọn padà pátá. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n bèèrè ibi tí ìkìlọ̀ ọjọ́ 60 tí òfin ní kí wọ́n fún wọn wà.

Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá pẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ yan àsìkò tó máa ṣiṣẹ́. Ogún ọdún tí bọ̀dá fi jìyà ni Yellow ò bá a dé ibi tuntun. Òru ló ń ṣe báyìí, àwọn tó lè bí lọ́mọ ló ń yan ojú ọjọ́. Mo bi í bóyá ibi tuntun yìí náà ti fẹ́ kógbá wọlé. Ó ní pé ẹrù dínkù kì í ṣe tuntun, láti 2022 lẹ́rù ti dínkù káàkiri Amẹ́ríkà. Ohun tó ń ba òun lẹ́rù ni pé àwọn ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín jù nínú ìpàdé. Ìyàwó ẹ̀ lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, káàdì ìlera kọ̀, ó tún ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló fà á.

"Ẹ ò ṣe wá ibòmíì lọ, bọ̀dá?"

"Bí mo bá lọ, mo tún di ọmọ tuntun nìyẹn, ní ọjọ́ orí mi. Bí mo bá dúró, ẹ̀yin náà ti mọ̀."

Àwa tí a wà ní Indianapolis mọ ohun tó ń sọ. Ìlú wa níbí ni olú ilé-iṣẹ́ Celadon, akẹ́rù mìíràn, wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n sọ fún nǹkan bí 4,000 òṣìṣẹ́ pé ó parí. Àwọn dírẹ́bà wà lójú ọ̀nà jíjìn, káàdì tí wọ́n fi ń ra dísù ò ṣiṣẹ́ mọ́, èrò ọ̀nà àti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ń bá wọn wá bí wọ́n ṣe máa délé.

Ìdí tí mi ò fi dárúkọ nìyẹn. Bí mo bá kọ orúkọ wọn síbí, àwọn oníṣọ́ọ̀bù bíi tèmi máa kó pálẹ́ẹ̀tì wọn kúrò lọ́la, àwọn ọ̀gá á sì rí owó ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ tiwọn gbà. Bọ̀dá ló máa wá iṣẹ́. Síbẹ̀ mi ò lè ní kí ẹ máa fi ọjà yín tọrẹ nítorí àánú, owó lẹ fi rà á. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń lò dáadáa: ṣé dírẹ́bà kan náà ló ṣì ń wá, ṣé ó ń sọ fún yín pé òun ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, ṣé ìwé owó kékeré kékeré ti ń tẹ̀lé ìwé owó gidi. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ìgbàwọlé kí ẹ tó ka ẹrù. Èyí tó bá bàjẹ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé náà lójú dírẹ́bà. Dírẹ́bà gidi ò ní bínú, ó ń gba òun náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Bí ilé-iṣẹ́ bá sì jẹ yín lówó ẹrù tó bàjẹ́, ẹ tètè lé e. Tí wọ́n bá ti dé ilé ẹjọ́ gbèsè, ẹ̀yìn báǹkì lẹ máa tò sí.

Ìràwọ̀ márùn-ún fún àwọn tó ń fọwọ́ kan ẹrù mi, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ẹ pín in sí méjì. Gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí, mo ṣì ń fi rán wọn. Epo pupa, mo máa ń kọ́kọ́ pe bọ̀dá kí n mọ òru tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣu ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó wọn ga gan-an ju ti àwọn wọ̀nyí lọ, ìyẹn ló fa iye tí ẹ ń rí lára iṣu ní ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ má bá ọmọ tó ń gbowó jà.