Wíwá Àṣìṣe Nínú Eré Apanilẹ́rìn-ín: Fóònù Ni àbí Tẹlifíṣọ̀n Pálọ̀?

Tó bá jẹ́ kámẹ́rà kan ṣoṣo ni wọ́n fi ya eré, fóònù ni kẹ́ ẹ mú. Wọ́n á ya ẹnì kan tán, wọ́n á sún kámẹ́rà, wọ́n á tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ; kí wọ́n tó tò ó tán, omi inú ife ti lọ sílẹ̀. Ẹ dá a dúró, ẹ dá a padà, ẹ máa rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, bó tilẹ̀ ń jẹ dátà.

Màmá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta aṣọ òkè, tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ ló ń wò ní tiẹ̀, kì í dá nǹkan kan dúró. Lálẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan wọlé nínú eré, etí gèlè rẹ̀ kọjú sí ọ̀tún; bó ṣe jókòó, ó ti wà lósì.

"Ẹ ò rí gèlè yẹn ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi wá a lórí fóònù kó tó gbà. "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá."

Ní ti I Love Lucy, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà (1951 sí 1957), ọ̀nà Màmá ni mo fara mọ́. Kámẹ́rà mẹ́ta ló ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà níwájú èrò ìwòran, nítorí náà ife kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Orúkọ àárín Ethel, ọ̀rẹ́ Lucy, jẹ́ Louise níbì kan, ó di Roberta níbòmíràn, ó tún di Mae. Dídá àwòrán dúró kò lè fi èyí hàn yín; àfi kẹ́ ẹ wò ó tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ sì fetí sílẹ̀ dáadáa.