Erédò láàárọ̀, ọ̀sà lọ́sàn-án

Ẹni tó mú wa kiri mọ Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Yàrà náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160, ibòmíràn sì jìn tó mítà 20. Ẹ wọ bàtà gidi o, ilẹ̀ ń yọ̀. Ní Òkè-Ẹ̀rí, àwa obìnrin dúró síta ojúbọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn sọ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà náà. Èèwọ̀ ni, wọ́n sì ti sọ fún wa ká tó sanwó, àmọ́ ó ṣì dùn mí díẹ̀.

Ọ̀sà ní Ìwòpin ni mo gbádùn jù! Wọ́n fún kálukú ní àjẹ̀ àti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Apá ro mí, n ò bìkítà. Ìkọ́kọrẹ́ wọn ló bà mí nínú jẹ́: tútù, láìsí ẹja, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú! Ẹ gbé gààrí yín dání.